Ọjọ́ tí Sàlàkọ́ Dọ̀bálẹ̀ tí Kò Lè Dìde

Ìyá Adéọtí, ìyá tó bí bàbá wa, ni ó kọ́kọ́ pa àlọ́ yìí nínú ilé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹjọ ọdún 1958, ọdún tí wọ́n fi páànù bo ilé ìdáná. Ìbídùn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé, àti àbúrò rẹ̀, Fadé, ló fà á. Àwọn méjèèjì ni wọ́n máa ń gún iyán ilé, odó kan, ọmọ odó méjì: bí ti Ìbídùn bá ń lọ sókè, ti Fadé á máa bọ̀ nílẹ̀. Lọ́jọ́ náà, Fadé sọ pé òun nìkan ló ń gún un, pé ńṣe ni Ìbídùn kàn ń gbé ọmọ odó sókè. Ìbídùn ju ọmọ odó sílẹ̀, ó lọ jókòó. Ẹ̀bà ni ilé jẹ.

Ìyá Adéọtí kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó gbé àpótí rẹ̀ jáde sí ojúde, ó na ẹsẹ̀, ó ní kí gbogbo ọmọ wá jókòó. Bó ṣe pa á nìyí.

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Àlọ́ mi ta gìrì, ó ta gọ̀ọ̀, kò bà lé orí igi, kò bà lé orí àpáta. Apá Sàlàkọ́ lagilagi ló lọ bà lé.

"Apá ọ̀tún ni àbí apá òsì, Ìyá?"

"Méjèèjì. Ẹ jẹ́ n rò ó."

Ní ayé ìgbà kan, nígbà tí ẹ̀yà ara ènìyàn ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ènìyàn, ọkùnrin kan wà ní ìlú Ìdígbá tó ń jẹ́ Sàlàkọ́. Igi lílà ni iṣẹ́ rẹ̀, ayùn ló fi ń jẹun. Ayùn náà gùn tó àgbàlagbà méjì tó sùn tẹ̀lé ara wọn, ó ní ìdimú níhìn-ín, ó ní ìdimú lọ́hùn-ún. Sàlàkọ́ á di ẹ̀gbẹ́ kan mú, Bánkọ́lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ á di ẹ̀gbẹ́ kejì mú, igi á wà láàárín. Irú ayùn bẹ́ẹ̀ kò ṣeé tì. Bí ènìyàn bá tì í, ayùn á ká bí ewé. Fífà nìkan ni. Bí Sàlàkọ́ bá fà á, Bánkọ́lé á dẹwọ́; bí Bánkọ́lé bá fà á, Sàlàkọ́ á dẹwọ́. Kí wọ́n má baà ṣì í, Bánkọ́lé á máa ké e: "Fà. Dẹ̀. Fà. Dẹ̀." Ayùn á máa dáhùn, fììn-fáàn, fììn-fáàn, ìyẹ̀fun igi á máa bọ́ sílẹ̀ yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi Sàlàkọ́ pé ta ló ń la igi, á ní, "Èmi ni. Bí mo bá ti fa ayùn wá, á padà lọ fúnra rẹ̀." Bánkọ́lé á kàn wò ó, á tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, á tún di ayùn mú.

Ẹ wá gbọ́ o. Nínú apá Sàlàkọ́, láàárín èjìká àti ìgúnpá, iṣan méjì ló ń gbé ibẹ̀. Èyí tó wà níwájú ń jẹ́ Fàmọ́ra. Èyí tó wà lẹ́yìn ń jẹ́ Nàró. Bí wọ́n ṣe wà ní apá ọ̀tún ni wọ́n wà ní apá òsì, ṣùgbọ́n ẹnu kan náà ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ìyẹn dà yín láàmú. Bí Fàmọ́ra bá ń ṣiṣẹ́, á súnkì, á kúrú, á wú, á yọ gọngọ bí ọ̀dùnkún tí ilẹ̀ kò gbà mọ́, ìgúnpá á sì ká. Àwọn ọmọbìnrin tó ń ti odò bọ̀ á dúró wò ó. Ọ̀kan nínú wọn ni Àwẹ̀ró, ọmọ ilé Olúpọ̀nà. Ìgbà tí Sàlàkọ́ rí i pé Àwẹ̀ró wò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká apá níbi tí kò yẹ. Ó ká a lójú ọ̀nà, ó ká a nídìí ìkòkò ọbẹ̀, ó ká a níbi ìsìnkú.

Nírọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, á mú igbá òrí, á fi pa Fàmọ́ra títí á fi máa dán. Á máa kì í, "Fàmọ́ra tèmi, a-yọ-gọngọ-fún-ọmọge-wò." Nàró wà lẹ́yìn. Ta ló ń rí ẹ̀yìn apá ara rẹ̀? Sàlàkọ́ kò rí i rí.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, Nàró kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó ní, "Sàlàkọ́, fi díẹ̀ kàn mí. Ara mi ti gbẹ."

Sàlàkọ́ ní, "Kí lo ṣe lónìí?"

"Mo na apá rẹ. Gbogbo ìgbà tí Fàmọ́ra bá ká a, èmi ni mo ń nà án padà."

"Ṣé nínà náà wá niṣẹ́? Tí mo bá ti fi apá sílẹ̀, ṣebí á na ara rẹ̀."

Fàmọ́ra, tí òrí ń ṣàn lára rẹ̀, rẹ́rìn-ín kẹ̀kẹ̀. "Ọ̀gá mi, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ fún mi ní gbogbo igbá náà. Mo máa ṣe iṣẹ́ tèmi, mo máa ṣe tirẹ̀ mọ́ ọn. Nínà àti títì, kí ló le níbẹ̀?"

"Ó dá ọ lójú?"

"Ẹ wo bí mo ṣe tóbi tó."

Nàró kò bínú. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ń lọ sùn." Ó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn apá, ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. Sàlàkọ́ da gbogbo òrí tó kù lé Fàmọ́ra lórí.

Ọjọ́ kejì gan-an ni Sàlàkọ́ máa lọ tọrọ Àwẹ̀ró. Ó jí, ó bu omi bọ́jú. Fàmọ́ra gbé ọwọ́ dé ojú, ó dẹ̀, ọwọ́ sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Sàlàkọ́ ní, "Ẹ ò rí i? Kí la fẹ́ fi Nàró ṣe?" Kò mọ̀ pé ilẹ̀ ló ń bá a fà á. Ohun tó bá wà lókè, ilẹ̀ á fà á wálẹ̀. Ilẹ̀ kì í gba òrí.

Ó wá gbé ọwọ́ sókè láti dé fìlà. Ọwọ́ dé òkè orí, kò sí ẹni tó máa nà án dúró níbẹ̀, ó bà lé e lórí, pọ̀ọ́. Ó tún gbé e. Pọ̀ọ́. Ó gbé e nígbà kẹta, ó gbá fìlà mọ́ ojú. Bánkọ́lé, tó wá sìn ín lọ, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Kí ló dé tí o ń lu ara rẹ?"

"Eṣinṣin ni."

Bánkọ́lé bá a dé fìlà náà, wọ́n kọrí sí ilé Olúpọ̀nà.

Ilé Olúpọ̀nà ní àṣà tiwọn lórí ọ̀rọ̀ ìdọ̀bálẹ̀. Bí ẹni tó wá tọrọ ọmọ bá dọ̀bálẹ̀, àgbà ilé gbọ́dọ̀ máa súre fún un títí á fi dìde; kò gbọdọ̀ dákẹ́. Ẹni tó wà nílẹ̀ náà kò sì gbọdọ̀ lanu sọ̀rọ̀ sí àgbà, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ gbé e dìde. Àṣà tó kẹ́yìn ló burú. Bí òòrùn bá wọ̀ tí ènìyàn ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀ nìyẹn, a jẹ́ pé ó ti ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá níbì kan, wọn kò sì ní fún un lọ́mọ láéláé. Ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe é rí. Ta ló máa dọ̀bálẹ̀ láti ọ̀sán títí di àṣálẹ́?

Sàlàkọ́ wọlé. Bàbá Olúpọ̀nà, bàbá bàbá Àwẹ̀ró, jókòó sórí àga, gbogbo ẹbí yí i ká. Sàlàkọ́ tẹ̀ síwájú, ó gbé ara sílẹ̀. Ìgbà tó yẹ kí apá rẹ̀ gbà á díẹ̀díẹ̀, kò sí ẹni tó gbà á. Gbìì. Imú wọ yẹ̀pẹ̀. Fìlà yí lọ sábẹ́ àga.

Àwọn ará ilé mí kanlẹ̀.

"Ẹ rí bó ṣe sọ ara rẹ̀ sílẹ̀?" ni ìyá Àwẹ̀ró wí. "Àwọn tó wá lọ́jọ́sí, ìka ọwọ́ ni wọ́n fi ń tọ́ ilẹ̀ wò."

"Ọmọ mi, o ṣé," ni Bàbá Olúpọ̀nà wí. "Ọlọ́run á bùkún ọ. Ó tó, dìde."

Sàlàkọ́ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ilẹ̀. Ó sọ ọ́ sínú, "Fàmọ́ra, tì." Fàmọ́ra ki ara mọ́lẹ̀, ó súnkì, ó wú, ó fà. Ìgúnpá tún ká sí i. Àyà Sàlàkọ́ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. "Mo ní kí o tì." Fàmọ́ra tún fà. Sàlàkọ́ wá dì mọ́ ilẹ̀ bí ẹni tó rí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méje.

Bàbá Olúpọ̀nà kọjú sí àwọn ẹbí. "Kò fẹ́ dìde. Ó ní ọ̀wọ̀ tí òun bù fún wa kò tíì tó." Ó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í súre.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbè é fún mi:

Sàlàkọ́, dìde ńlẹ̀ o,
*Nàró sùn, kò dáhùn.*
Àna rẹ ń wò ọ́ o,
*Nàró sùn, kò dáhùn.*
Fàmọ́ra fà, ó tún fà,
*Nàró sùn, kò dáhùn.*
Imú ẹ ti wọ yẹ̀pẹ̀,
*Nàró sùn, kò dáhùn.*

Bàbá Olúpọ̀nà súre ọmọ, ó súre ilé, ó súre ẹ̀mí gígùn. Sàlàkọ́ kò dìde. Bàbá súre fún ewúrẹ́ rẹ̀ àti fún ọmọ ewúrẹ́ rẹ̀. Sàlàkọ́ kò dìde. Ìre tó tóbi tán, ó kan kékeré. "Ilẹ̀kùn rẹ kò ní máa dún. Ìdérí ìkòkò rẹ kò ní sọnù. Bí o bá jẹ ẹja, eegun kò ní há ọ lọ́fun. Ẹ̀fọn ilé rẹ á máa lọ sí ilé ẹlòmíràn." Ohùn rẹ̀ há. Wọ́n pe àbúrò rẹ̀ kó wá gbà á. Àbúrò súre títí ó fi dé orí òwú tó wà lójú abẹ́rẹ́, òun náà ṣíwọ́. Wọ́n ránṣẹ́ sí ilé kejì bóyá ẹnìkan ṣì ní ìre lẹ́nu níbẹ̀. Gbogbo àdúgbò tú jáde wá wo ọmọ tó mọ̀wọ̀. Adìẹ kan gun ẹ̀yìn Sàlàkọ́, ó yé ẹyin kan síbẹ̀. Wọ́n ní àmì rere ni, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó yá, òòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ sì yí padà lẹ́nu àwọn ènìyàn.

"Kí ló tiẹ̀ ṣe gan-an?"

"Ó lè jẹ́ pé ó ti ní ìyàwó mẹ́ta nílé."

"Mẹ́ta kò tó kéèyàn fi dọ̀bálẹ̀ báyìí. Á tó bíi méje."

Ẹnìkan sáré lọ sílé láti lọ ka àgùtàn rẹ̀.

Sàlàkọ́ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ìtìjú wà lọ́kàn rẹ̀. Ọkùnrin tí kò lè gbé àyà ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ta ló máa fún un níyàwó?

Àwẹ̀ró gbé igbá omi jáde bí ẹni tó fẹ́ fún un mu. Ó kúnlẹ̀ létí rẹ̀.

"Sàlàkọ́, èmi lo wá fẹ́ ni, àbí ilẹ̀ ilé wa?"

Àwẹ̀ró kì í ṣe àgbà, nítorí náà ó lè dá a lóhùn. "Àwẹ̀ró, mi ò lè dìde."

"Kí lo ṣe?"

"Òrí ni. Mo fi pa ẹni iwájú, mi ò fi pa ẹni ẹ̀yìn." Ó rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Àwẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín. Ó wo igi ìbẹ́pẹ tó wà lẹ́yìn ògiri. "Bí òòrùn bá ti bọ́ sẹ́yìn ìbẹ́pẹ yẹn, ó ti wọ̀ nìyẹn lójú bàbá àgbà, wọn kì í sì í yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Jẹ́ kí n pe Bánkọ́lé."

Bánkọ́lé wá, ó kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì bí ẹni tó ń gbàdúrà. Ó fi ìka tọ́ apá ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Fàmọ́ra, o ní o máa tì. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ohùn Fàmọ́ra ti kéré. "Mi ò mọ̀ ọ́n tì. Fífà nìkan ni mo mọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wa. Mo rò pé títì kì í ṣe iṣẹ́ ni."

Sàlàkọ́ ní, "Nàró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jí."

Nàró yán. "Mo ti wá di 'ẹ̀yin' báyìí?"

"Ẹ wá bá mi tì í."

"Èmi náà kò mọ̀ ọ́n tì. Kò sí iṣan kan tó mọ̀ ọ́n tì. Fífà ni gbogbo wa ń fà. Fàmọ́ra ń fà láti iwájú, apá á ká. Èmi ń fà láti ẹ̀yìn, apá á nà. Bí apá bá nà tí ọwọ́ sì wà nílẹ̀, ara á gòkè. Sàlàkọ́, ìwọ tí ojú rẹ wà níwájú lò ń pè é ní títì."

Bánkọ́lé fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ọdún mẹ́fà nìyí tí o ti ń sọ fún gbogbo ayé pé ayùn ń padà lọ fúnra rẹ̀. Ta lo rò pé ó wà lódì kejì?"

Sàlàkọ́ tu yẹ̀pẹ̀ kúrò lẹ́nu. "Ìwọ ni. Ìwọ lò ń fà á lọ."

"Ó pẹ́ kó tó yé ọ."

Nàró ní, "Mo máa fà. Ṣùgbọ́n ìdajì òrí jẹ́ tèmi láti òní lọ, kí Fàmọ́ra sì dẹwọ́ nígbà tí mo bá ń fà."

"Mo gbà," ni Sàlàkọ́ wí.

"Ti òrí, mo gbà," ni Fàmọ́ra wí. "Ti dídẹ̀, mi ò gbà. Àwẹ̀ró wà níbí. Bí mo bá dẹ̀, mo máa rí pẹlẹbẹ. Kí ló máa wá máa wò?"

Nàró fà. Fàmọ́ra náà fà. Apá le gan bí igi gbígbẹ, kò ká, kò nà. Sàlàkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jìnnìjìnnì, ẹyin adìẹ yí kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ó fọ́.

"Ó ti ń sunkún," ni àwọn ènìyàn wí. "Háà, ẹ̀ṣẹ̀ náà tóbi." Àwọn obìnrin kan bá a sunkún. Òòrùn fi etí kan ewé ìbẹ́pẹ. Bàbá Olúpọ̀nà ti rọra ń ká ẹsẹ̀ aṣọ rẹ̀ jọ bí ẹni tó fẹ́ dìde lọ.

Àwẹ̀ró bá gbé ẹnu sún mọ́ apá. "Fàmọ́ra, láti oṣù mẹ́rin ni mo ti ń wò ọ́, mo ti rí ọ tó. Èmi kò fẹ́ iṣan tó wú. Ọkọ tó lè gbé ọwọ́ lé mi léjìká, tó sì lè gbé e kúrò, ni mo fẹ́. Dẹ̀."

Bánkọ́lé náà gbé ohùn iṣẹ́ sókè, ohùn tó fi ń ké sí ayùn: "Nàró, fà. Fàmọ́ra, dẹ̀."

Fàmọ́ra dẹ̀.

Ẹ gbè é:

Sàlàkọ́, dìde ńlẹ̀ o,
*Nàró jí, ó dáhùn.*
Fàmọ́ra ti dẹwọ́ o,
*Nàró jí, ó dáhùn.*
Ìgúnpá ti ń nà bọ̀,
*Nàró jí, ó dáhùn.*
Àyà ti kúrò nílẹ̀,
*Nàró jí, ó dáhùn.*

Ìgúnpá nà, gbẹ̀ẹ̀rẹ̀. Àyà gòkè. Òòrùn ṣì ku bí èékánná lókè ìbẹ́pẹ. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé lagilagi ni Bánkọ́lé. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, kò ké 'fà' ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo rí. Kó tó mọ̀, ẹnu rẹ̀ ti ń bá a lọ: "Fàmọ́ra, fà. Nàró, dẹ̀." Sàlàkọ́ tún dọ̀bálẹ̀. "Nàró, fà. Fàmọ́ra, dẹ̀." Ó gòkè. Ó tún sọ̀. Fììn-fáàn, fììn-fáàn. Ìgbàkígbà tí àyà bá ti kan ilẹ̀, àṣà ni àṣà, Bàbá Olúpọ̀nà gbọ́dọ̀ súre. "Kí bàtà rẹ má tú. Kí iyọ̀ rẹ má yọ́. Kí, kí, kí ìgbálẹ̀ rẹ pẹ́." Ìgbà mẹ́rìndínlógún ni Sàlàkọ́ lọ sílẹ̀ tó gòkè.

Bàbá Olúpọ̀nà na ọwọ́ sí àwọn ẹbí. "Ẹ gbà mí. Ẹ fún un lọ́mọ náà. Bó bá tún kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ìre tí mo tọ́jú fún ara mi ló kù tí mo máa fún un."

Àwẹ̀ró fi àtẹ́lẹwọ́ bo Bánkọ́lé lẹ́nu. Ibi tí Sàlàkọ́ wà nígbà náà, òkè ni. Ó fa ẹsẹ̀ jọ, ó dìde dúró, yẹ̀pẹ̀ ní imú, ẹyin ní ẹ̀gbẹ́. Òòrùn wọ̀ fìì.

Láti ọjọ́ náà, Sàlàkọ́ ń fi òrí pa iwájú apá, Àwẹ̀ró ń bá a fi pa ẹ̀yìn, nítorí ojú Sàlàkọ́ kò dé ibẹ̀. Bí ẹ bá sì bi í pé ta ló ń la igi, á ní, "Èmi àti Bánkọ́lé ni."

Ibi tí àlọ́ mi ti gbéra ló padà sí. Ó ká ìgúnpá, ó jókòó. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí apá mi ká kó má nà mọ́. Ìyá Adéọtí ká apá rẹ̀, ó nà án síwájú gbogbo wọn: ó nà gbọnrangandan.

Ó ní, "Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí ẹni tí ojú ayé ń rí iṣẹ́ rẹ̀ má ṣe rò pé òun nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Kí ó sì mọ ìgbà tó yẹ kí òun dẹwọ́, kí ẹnìkejì òun lè fa tirẹ̀."

Fadé kàn béèrè ẹni tó san ẹyin adìẹ náà padà. Ní ọjọ́ Sátidé, kò sí iyán. Ní ọjọ́ Àìkú, kò sí iyán. Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kẹjọ ọdún 1958, Fadé fọ ọmọ odó Ìbídùn fúnra rẹ̀, ó gbé e lọ bá a níbi tó jókòó sí, ilé sì jẹ iyán.